Bí ẹ bá fẹ́ ya kìnnìún ní Maasai Mara, ẹ kọ́kọ́ ya lékeléke l'Ékòó

Ọ̀pọ̀ onífọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ òde l'Ékòó ló ní i lọ́kàn pé lọ́jọ́ kan, àwọn á gbé kámẹ́rà lọ sí Kẹ́ńyà, níbi tí ọgbà ẹranko Maasai Mara wà, tàbí Tànsáníà láti lọ ya kìnnìún. Owó ni wọ́n sábà máa ń wá kiri. Lóòótọ́, owó ò ṣeé fi ṣeré, ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó rówó, tí wọ́n lọ, tó jẹ́ pé fọ́tò ìdí ẹranko ni wọ́n gbé bọ̀: ìdí kìnnìún, ìdí ẹkùn, ìdí ẹyẹ tó ń fò lọ. Ọjọ́ tí wọ́n dénú igbó ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti í ya ohun tí kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyàwó tí ẹ ń yà lọ́jọ́ ìgbéyàwó á rẹ́rìn-ín, á sì tún un rẹ́ bí ẹ bá ní kó tún un rẹ́. Kìnnìún ò mọ ìyẹn.

Nítorí náà, ọwọ́ àti ojú yín ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́, ẹyẹ Èkó ni kí ẹ sì fi kọ́ wọn kí ẹ tó ná dọ́là kan. Ẹyẹ ló ṣòro jù. Ẹni tó bá lè mú àṣá tó ń já ṣòòròṣò wálẹ̀, kí ojú rẹ̀ sì hàn kedere nínú fọ́tò, kìnnìún tó lè sun tó 20 wákàtí lóòjọ́ kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Kò kúkú sí kìnnìún inú igbó l'Ékòó tí a lè fi kọ́ṣẹ́; ti ilé kan ní Victoria Island pàápàá, ìjọba ti lọ kó o jáde ní 2019.

1. Lẹ́ńsì tí ẹ ní, àti èyí tí ẹ máa yá

Ẹni tó ń ya òde sábà máa ń ní 24-70mm àti 70-200mm. Bí nọ́ńbà mm bá ṣe tóbi tó ni lẹ́ńsì ń fa ohun tó jìnnà mọ́ni tó. Ẹ má fi 70-200 sílẹ̀ nílé. Kìnnìún tàbí erin tó bá sún mọ́ ọkọ̀, òun ló bá a mu, pàápàá èyí tó ń ṣí dé f/2.8 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ń ṣí tó), torí ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ẹranko wọ̀nyí ń rìn, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í pọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n kò tó fún ẹyẹ. Láti 400mm lọ sókè ni iṣẹ́ ẹyẹ ti bẹ̀rẹ̀, 500mm tàbí 600mm ló sì ń fini lọ́kàn balẹ̀. 100-400mm, 150-600mm àti 200-600mm ni ẹ máa rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ọgbà ẹranko, nítorí wọ́n ṣeé gbé, owó wọn ò sì tíì dé ti 600mm f/4 tí iye rẹ̀ lè ra mọ́tò tòkunbọ̀.

Kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré, irú tí wọ́n ń pè ní APS-C, èrè ló jẹ́ lórí ẹyẹ. 400mm lórí Nikon tàbí Sony tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ á rí bíi 600mm. Lórí Canon, á rí bíi 640mm. Ẹni tí kò rówó ra èyí tó tóbi kò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn jókòó sílé. Ní ti teleconverter, ohun kékeré tó ń wọ àárín lẹ́ńsì àti kámẹ́rà láti fa nǹkan mọ́ni sí i, èyí tó jẹ́ 1.4x á gba ìmọ́lẹ̀ stop kan (ìdajì ìmọ́lẹ̀) lọ́wọ́ yín, 2x á gba méjì. Mo fara mọ́ 1.4x. 2x lórí lẹ́ńsì súùmù, mi ò fẹ́ rí i sójú.

Ẹ yá lẹ́ńsì gígùn lò kí ẹ tó ronú àtirà á. Àwọn tó ń yáni ní irinṣẹ́ pọ̀ ní Mainland, àmọ́ òde ọjọ́ kan ló mọ́ wọn lára, nítorí náà ẹ bá wọn dúnàádúrà iye ọ̀sẹ̀. Kí nọ́ńbà ara lẹ́ńsì náà wà nínú ìwé àdéhùn. Kí ẹ tó gbé e kúrò níbẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀: bí ẹ bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn, ó ti bu nínú nìyẹn, ẹ dá a padà. Bákan náà ni kí ẹ ṣe bí ẹ bá ń ra àlòkù ní Computer Village n'Íkẹjà. Kámẹ́rà tiyín ni kí ẹ fi dán an wò, ẹ má gba ti ọlọ́jà.

2. Ẹ to kámẹ́rà sílẹ̀ nínú ilé

Ìyára ṣọ́tà ló ń ba fọ́tò ẹranko jẹ́ jù. Fún ẹyẹ tó ń fò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1/2000 (ìdá kan nínú 2000 ìṣẹ́jú àáyá), kí ẹ gòkè dé 1/3200 fún àwọn kéékèèké. Ẹranko tó ń sáré ń fẹ́ 1/1600 ó kéré tán. Kìnnìún tó ń rìn jẹ́jẹ́, 1/800 dé 1/1000 á tó o. Èyí tó sùn, 1/250 náà á gbé e bí lẹ́ńsì bá fara ti nǹkan.

Ẹ fi kámẹ́rà sí Manual, kí ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ tó) wà ní Auto. Ẹ̀yin á yan ìyára, ẹ̀yin á yan f (f/5.6 dé f/8 lọ́pọ̀ ìgbà), kámẹ́rà á fi ISO bá yín wá ìyókù. Ẹ jẹ́ kó lè gòkè dé 6400, àwọn kámẹ́rà tuntun lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù ISO gíga nítorí hóró-hóró tó ń hàn lára fọ́tò. Hóró-hóró ṣeé fọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Fọ́tò tó mì, kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́.

Àmì + àti – tó wà fún ìmọ́lẹ̀, ẹ mọ ibi tó wà lórí kámẹ́rà yín bí ẹ ṣe mọ ibi tí ẹnu yín wà. Lékeléke tó wà nínú oòrùn, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí –2/3 tàbí –1, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìyẹ́ rẹ̀ á di funfun báláú tí kò ní fínrínfínrín kankan nínú. Àṣá tó wà lójú ọ̀run tó mọ́lẹ̀, ẹ gbé e sókè sí +1 dé +2, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òjìji lásán ni ẹ máa yà.

Fókọ́ọ̀sì: AF-C lórí Nikon àti Sony, Servo lórí Canon, kó lè máa bá ẹranko rìn. Bí kámẹ́rà yín bá lè dá ojú ẹranko mọ̀, ẹ tan án, kí ẹ sì wò ó bóyá ti ẹyẹ yàtọ̀ sí ti ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin nínú rẹ̀. Ẹ gbé iṣẹ́ fókọ́ọ̀sì kúrò lórí bọ́tìnnì tí ẹ fi ń ya fọ́tò, ẹ gbé e sórí AF-ON tó wà lábẹ́ àtàǹpàkò. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó máa bí yín nínú. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ padà sẹ́yìn mọ́.

RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, ni kí ẹ fi yà á, kí káàdì yín jẹ́ èyí tó yára. Ẹ ṣọ́ra fún ṣọ́tà aláìdún lórí àwọn kámẹ́rà kan: ìyẹ́ ẹyẹ tó ń fò lè wọ́ kọ́lọkọ̀lọ nínú fọ́tò.

Ìdánwò rẹ̀ rèé. Ẹ di ojú, kí ẹ yí ìyára láti 1/250 sí 1/2500, kí ẹ gbé àmì ìmọ́lẹ̀ sí +1, kí ẹ sún ojú fókọ́ọ̀sì sí ọwọ́ òsì. Bí ẹ bá ní láti la ojú, ẹ ò tíì ṣe tán.

3. Ilé ẹ̀kọ́ yín wà l'Ékòó

Ẹ̀gà ni olùkọ́ àkọ́kọ́. Ẹ wá igi ọ̀pẹ tàbí igi àgbọn tí wọ́n ti so ìtẹ́ rẹpẹtẹ sí, ariwo wọn á júwe ọ̀nà fún yín. Akọ wọn, tó pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹyin tó sì dúdú lójú, á máa ja imọ̀ bọ̀, á dorí kodò sára ìtẹ́, á máa gbọn ìyẹ́ láti pe abo. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ibì kan náà ló sì ń padà sí. Ẹ dúró kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, ẹ fi fókọ́ọ̀sì sí ẹnu ìtẹ́ ní 1/2500, kí ẹ dúró dè é. Ẹ má lé e. Ohun tí ẹ ń kọ́ níbí ni pé ẹyẹ ní ọ̀nà tó ń gbà, ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà náà á ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Àṣá ló kàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kì í jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, bí àgbègbè Oko-Ọba l'Ágége, wọ́n sì ń ràbàbà lórí ọ̀sà àti lórí ààtàn. Ẹ mú un nígbà tó ṣì jìnnà, kí ẹ jẹ́ kí fókọ́ọ̀sì bá a rìn bọ̀; ẹ má dúró dìgbà tó bá dé orí yín. Ìbàdí ni kí ẹ fi yí, ẹ má fi apá nìkan wọ́ kámẹ́rà. Ìrù ni kí ẹ máa wò. Ìrù àṣá là sí méjì, òun ló fi ń tukọ̀: bí ìrù náà bá ti yí, ẹyẹ náà fúnra rẹ̀ máa tó yà. Ìgbà tó yà yẹn gan-an ni ìyẹ́ rẹ̀ ń ṣí, tí ojú rẹ̀ ń gba oòrùn.

Lékeléke tí a máa ń na èékánná sí ní kékeré, òun ló máa kọ́ yín ní ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn màlúù ni ẹ ti máa rí i. Ẹ kọ́kọ́ yà á ní 0, lẹ́yìn náà ní –2/3, lẹ́yìn náà ní –1, kí ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ wo èyí tí ìyẹ́ ti hàn. Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ń tò lọ sùn, ẹ sọ ìyára kalẹ̀ sí 1/30 tàbí 1/60, kí ẹ máa fi kámẹ́rà tẹ̀ lé wọn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á bàjẹ́, àmọ́ ọ̀kan tó bá jáde, ìyẹ́ á ṣàn bí omi, orí á sì dúró.

Bí ẹ bá ráyè wọ etí ọ̀sà ní Unilag, l'Ákọkà, ẹ wá ẹyẹ apẹja tó dúdú tó sì funfun. Á dúró lójú òfurufú, á máa gbọn ìyẹ́ lójú kan láìlọ iwájú, á wo omi. Ìgbà náà ni kí ẹ ti mú fókọ́ọ̀sì. Bó bá ti ká ìyẹ́ mọ́ra, ó ń lọ sínú omi nìyẹn, ika yín ò sì gbọdọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá bọ́tìnnì. Ẹ kọ́kọ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́, kí ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ wá ṣe.

Ní Lekki Conservation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, igbó àti irà tó tó hẹ́kítà 78 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ibi tí èèyàn lè lúgọ sí láti wo ẹyẹ. Ẹ débẹ̀ ní kùtùkùtù kí àwọn tó wá gun afárá orí igi tó kún ibẹ̀. Afárá náà gùn tó mítà 401, ó sì máa ń mì bí ẹlòmíràn bá ń rìn lórí rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé kámẹ́rà lé, fẹ́ ṣe níbẹ̀; ìyára ṣọ́tà nìkan ló lè gbà yín. Àwọn ọ̀bọ tó wà nínú ọgbà náà dára fún ẹni tó fẹ́ kọ́ bí a ti ń ya ojú ẹranko lábẹ́ ìbòòji. Ẹ má fún wọn lóńjẹ. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín náà, ẹ ò ní láti fún wọn. Ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá owó wà lórí kámẹ́rà ńlá.

Ẹ má fojú di ológbò inú ilé. Etí tó ń dẹ̀ sẹ́yìn, ìdí tó ń mì díẹ̀díẹ̀ kó tó fò mọ́ aláǹgbá, ìrù tó ń jà ní ṣóńṣó orí: ohun kan náà ni ẹkùn àti kìnnìún ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ ààbò: lẹ́ńsì gígùn ń pe ojú. Ẹ má dá nìkan lọ, ẹ fi àpò tí kò lórúkọ kámẹ́rà lára gbé e, kí ẹ má sì dojú rẹ̀ kọ bárékè, àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ọkọ̀ ológun, kódà bí ẹyẹ tó rẹwà jù láyé bá bà sórí rẹ̀.

4. Ibi tí ẹ ń lọ, àti ìgbà tí ẹ máa lọ

Maasai Mara ní Kẹ́ńyà ló rọrùn jù fún ẹni tó kọ́kọ́ ń lọ: pápá rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, kìnnìún, ẹkùn àti cheetah (ó jọ ẹkùn, àmọ́ eré ló fi ń ṣọdẹ) ló sì wà níbẹ̀. July sí October ni agbo wildebeest, ẹran ńlá oníwo tó jọ màlúù, máa ń dé síbẹ̀, ìgbà náà ni èrò pọ̀ jù, owó ìwọlé sì wọ́n jù. Láti 2024, àjèjì ń san $100 lóòjọ́ láti January dé June, $200 láti July dé December. Àwọn ilẹ̀ àdáni tó yí ọgbà náà ká ní ọkọ̀ díẹ̀, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà. Ní Ndutu, gúúsù Serengeti ní Tànsáníà, January sí March ni wildebeest ń bímọ, cheetah sì ń rí ọdẹ ṣe. South Luangwa ní Sáḿbíà ni ẹni tí ẹkùn wà lọ́kàn rẹ̀ ń lọ, torí wọ́n gbà kí èèyàn jáde lóru níbẹ̀. Kruger ní Gúúsù Áfíríkà, ẹ lè wa ọkọ̀ fúnra yín lórí títì ọ̀dà.

November sí April ni ẹyẹ pọ̀ jù, nítorí àwọn tó sá fún òtútù Yúróòpù ti dé, àwọn onílé sì wà nínú aṣọ ìgbéyàwó wọn. Bí ẹ bá bi mí, ìparí January wọ February ni mo máa yàn: ẹyẹ wà, ọmọ ẹran wà, Mara ò tíì wọ́n, òjò ńlá tó ń sọ ọ̀nà di ẹrọ̀fọ̀ ní nǹkan bí April ò sì tíì dé.

Yankari ní Bauchi dára fún erin, ìnàkí (baboon) àti ẹyẹ, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí kìnnìún lọ. Kìnnìún wà ní Pendjari ní orílẹ̀-èdè Benin, tí kò jìnnà sí wa, àmọ́ wọ́n jí àlejò gbé níbẹ̀ ní 2019, wọ́n sì pa ẹni tó ń mú wọn kiri. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀ báyìí.

5. Ìwé àti ẹrù

Yellow card, káàdì abẹ́rẹ́ yellow fever, ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti Nàìjíríà bọ̀. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà kí ìrìn àjò tó ku ọjọ́ 10, torí ọjọ́ kẹwàá ni káàdì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti 2016, abẹ́rẹ́ kan ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé. Òfin ìwọ̀lú ń yí padà, ẹ lọ wò ó lójú òpó ìjọba orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má fi nylon di kámẹ́rà! Kẹ́ńyà ti fòfin de àpò nylon láti 2017, Tànsáníà láti 2019, ìyà rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Àpò ìrọ̀rí àti aṣọ òjò ló máa ṣe iṣẹ́ yẹn. Bátìrì lithium, inú ẹrù ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, kámẹ́rà náà pẹ̀lú. Bí ẹ bá máa wọ ọkọ̀ òfurufú kékeré láti Nairobi lọ sí Mara, kílò 15 ni wọ́n ń gbà, nínú àpò rírọ̀. Drone, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò l'Ékòó á wọ ara ògiri Kẹ́ńyà àti Tànsáníà láìsí wàhálà. Ti Gúúsù Áfíríkà ní ẹsẹ̀ róbótó ńláńlá, ẹ ra èyí tó máa so wọ́n pọ̀. Ẹ kó rìsíìtì irinṣẹ́ yín dání nítorí kọ́sítọ́ọ̀mù lọ́jọ́ ìpadàbọ̀.

Ohun tí ará Èkó kì í gbà gbọ́ títí á fi débẹ̀ ni òtútù. Orí òkè ni Mara wà, ó lé ní mítà 1,500. Nínú ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ṣí ní ìdájí, ọwọ́ tó ń gbọ̀n ò lè di 600mm mú. Ẹ mú súwẹ́tà àti ìbọ̀wọ́ tín-ín-rín. Ẹ má wọ aṣọ dúdú tàbí búlúù, irú eṣinṣin tí wọ́n ń pè ní tsetse fẹ́ràn rẹ̀. Aṣọ tó jọ ti ṣọ́jà lè kó yín sí wàhálà. Bí Kẹ́ńyà tàbí Tànsáníà ni ẹ ń lọ, ẹ yí aago kámẹ́rà síwájú ní wákàtí 2.

Télọ̀ àdúgbò yín lè rán àpò kánfáásì oní-síìpù tó fẹ̀ tó ìrọ̀rí kékeré. Òfìfo ni kí ẹ gbé e lọ. Bí ẹ bá dé ìlú Narok, lójú ọ̀nà Mara, ẹ ra ẹ̀wà, ẹ dà á sínú rẹ̀. Orí fèrèsé ni ẹ máa gbé e lé, kí lẹ́ńsì sùn lé e lórí. Ó sàn ju tripod lọ fíìfíì nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá ń padà, ẹ kó ẹ̀wà náà fún ilé ìdáná ibi tí ẹ dé sí.

6. Ẹ̀yin àti dírẹ́bà

Alẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀, ẹ má dúró dìgbà tí kìnnìún bá dé iwájú. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ràn kí ẹ dúró pẹ́ sí ibì kan ju kí ẹ máa sáré kiri. Pé kó máa pa ẹ́ńjìnnì, torí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ ń wọnú fọ́tò. Pé kó máa wo ibi tí oòrùn wà kó tó páàkì. Ẹ sọ pẹ̀lú pé ẹ ń ya ẹyẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa fò ó kọjá ni. Ẹ fetí sí rédíò rẹ̀: simba ni kìnnìún lédè Swahili, chui ni ẹkùn, duma ni cheetah. Ẹni tó bá gbọ́ chui ti yí kámẹ́rà sí fókọ́ọ̀sì olójú kan kí ọkọ̀ tó dé ìdí igi.

Onífọ́tò mẹ́ta ló yẹ kó wà nínú ọkọ̀ kan, kí kálukú ní ìlà ìjókòó tirẹ̀, kó lè yí sọ́tùn-ún yí sósì. Àwọn tó wá ṣe fàájì àti ẹni tó fẹ́ dúró de ẹyẹ fún wákàtí kan kò lè gbé inú mọ́tò kan náà kí ìjà má ṣẹlẹ̀.

Ẹ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ibẹ̀ ò jìnnà sí ìlà ìdajì ayé, oòrùn kì í pẹ́ gòkè. Tó bá fi máa di aago 9, ìmọ́lẹ̀ dídùn ti tán. Ní ọ̀sán gangan, ooru tó ń gbéra nílẹ̀ á mú kí gbogbo ohun tó jìnnà máa jó lójú lẹ́ńsì, kò sì sí lẹ́ńsì olówó iyebíye tó lè borí rẹ̀. Ẹ lọ sùn, tàbí kí ẹ ya ẹyẹ inú ọgbà ibi tí ẹ dé sí.

7. Kìnnìún, ẹkùn, cheetah

Kìnnìún tó bá sùn ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni ẹ fẹ́. Àwọn ọkọ̀ mìíràn á wò ó, wọ́n á lọ. Ẹ̀yin ẹ dúró. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, ọ̀kan á yán, á na ara, á lá ọwọ́. Bó bá yán lẹ́ẹ̀kan, ẹ múra, torí òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mélòó kan nínú wọn bá ti ń yán, wọ́n fẹ́ dìde nìyẹn. Ibi tí wọ́n máa gbà ni kí ẹ rò. Kìnnìún fẹ́ràn láti rìn lójú ọ̀nà ọkọ̀, torí koríko ibẹ̀ kúrú. Kí dírẹ́bà yí ká jìnnà, kó lọ dúró níwájú ní nǹkan bíi mítà 100, kó pa ẹ́ńjìnnì, kí kìnnìún máa bọ̀ wá bá yín. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ìdí ló máa yà. Láti ojú fèrèsé ni kí ẹ ti yà á, ẹ má dúró lókè níbi òrùlé, kí ojú yín àti ojú rẹ̀ lè wà ní ìpele kan. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lo –1, kí irun ọrùn rẹ̀ tàn bí wáyà iná.

Àwọn àgbà ní yíyọ́ ẹkùn, bí ti ojo kọ́, ohun tí yóò jẹ ló ń wá. Ẹ̀yin náà, ẹ yọ́. Orí ẹ̀ka igi tó nà gbọọrọ ni kí ẹ máa wò, ìrù tó sọ̀ kalẹ̀ ló sì sábà máa ń tú u fó. Etí tún ń ṣiṣẹ́ ju ojú lọ: bí ọ̀bọ bá ń ké kíkankíkan tó ń wo ibì kan, bí ẹtù bá figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà, bí impala, irú àgbọ̀nrín kan, bá ń fọn imú tí gbogbo wọn kọjú síbì kan, ẹ lọ wo ibẹ̀. Lórí igi, ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ ló wà lẹ́yìn ẹkùn, nítorí náà ẹ gbé e sí +1 ó kéré tán. Ewé á fẹ́ jí fókọ́ọ̀sì gbé, ojú kan ṣoṣo ni kí ẹ lò. Kó tó sọ̀kalẹ̀, á dìde, á yíra padà, á wo ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀. Orí ló fi ń ṣáájú wálẹ̀, kì í sì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. 1/1250 ti gbọ́dọ̀ wà lórí kámẹ́rà kó tó dìde.

Cheetah ń ṣọdẹ lójú ọ̀sán, kó má bàa pàdé kìnnìún àti ìkookò. Á gun òkìtì ọ̀gán láti wo pápá. Ẹ yà á níbẹ̀, ó rọrùn. Àmọ́ bó bá ti rẹ orí sílẹ̀ tí èjìká rẹ̀ yọ sókè, kí ọkọ̀ yín má mì mọ́. Eré rẹ̀ kì í tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ lo 1/2500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì fa súùmù sẹ́yìn ju bí ọkàn yín ṣe fẹ́ lọ, 300mm dípò 600mm, torí ẹni tó bá sún un mọ́ jù á gé ìrù tàbí ẹran tó ń lé kúrò nínú fọ́tò. Ẹ jìnnà sí i. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 lórí cheetah Mara fi hàn pé níbi tí ọkọ̀ àlejò ti pọ̀ jù, ọmọ tí ìyá kan ń rí tọ́ dàgbà kò pé ọ̀kan ní ìpíndọ́gba, nígbà tó lé ní méjì níbi tí wọn ò ti pọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti tó márùn-ún níbẹ̀, ẹ wá nǹkan mìíràn yà.

8. Ẹyẹ ibẹ̀

Níbí ni ẹ ti máa jèrè ohun tí ẹ̀gà kọ́ yín. Lilac-breasted roller, ẹyẹ aláwọ̀ mèremère tó ń bà sórí igi gbígbẹ létí ọ̀nà, máa ń fò lọ mú kòkòrò, á sì tún padà sórí igi kan náà. Ẹ fi fókọ́ọ̀sì síbẹ̀, kí ẹ dúró dè é.

Ẹyẹ ń kọjú sí afẹ́fẹ́ nígbà tó bá ń gbéra àti nígbà tó bá ń bà. Ẹ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí afẹ́fẹ́ àti oòrùn wà lẹ́yìn yín, ojú yín ni ẹyẹ náà á máa fò bọ̀. Idì àti àwọn ẹyẹ ńlá mìíràn sábà máa ń ṣu kí wọ́n tó fò. Bó bá ti ṣu, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Igún tó ń bà síbi òkú ẹran ló dára jù fún àkọ́kọ́ṣe, torí ó tóbi, kì í kánjú, á na ẹsẹ̀ síwájú, ọ̀kan á sì tún máa tẹ̀ lé ọ̀kan. Lórí adágún Naivasha, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi fún idì apẹja: bó bá fẹ́ ké, á gbé orí sẹ́yìn pátápátá, nǹkan kan náà ló sì ń ṣe nígbà gbogbo.

9. Lálẹ́, àti lẹ́yìn ìpadàbọ̀

Lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ da káàdì sórí hard drive méjì, kí ọ̀kan wà nínú àpò tó yàtọ̀. Ẹ má pa fọ́tò rẹ́ lórí kámẹ́rà, ojú tó ti rẹ̀ kì í dájọ́ dáadáa. Ẹ fi bálúù onírọ́bà fẹ́ eruku kúrò lára lẹ́ńsì kí ẹ tó fi aṣọ kàn án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iyanrìn á ha dígí. Bátìrì, ẹ tètè kì í bọ iná, torí ibòmíràn wà tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ kì í ṣiṣẹ́ mọ́jú.

Bí ẹ bá dé Èkó, ẹ má yára ṣí àpò kámẹ́rà tó ti inú AC bọ́ sínú ooru. Ẹ fi sílẹ̀ ní títì fún wákàtí kan, kí omi má bàa bò ó nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ kó lẹ́ńsì sínú ike tó ní ìdérí tó dé pinpin, pẹ̀lú silica gel tó ń fa ọ̀rinrin, torí ọ̀rinrin Èkó ló ń mú kí lẹ́ńsì bu.

Ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ tó ṣa fọ́tò. Ẹ sún ojú ẹranko náà mọ́ ní 100%. Bí ojú kò bá hàn kedere, ẹ yọ ọ́ kúrò, bó ti wù kí ìtàn ẹ̀yìn rẹ̀ dùn tó. Nínú èyí tó kù, ẹ mú èyí tí ẹranko náà ti ń ṣe nǹkan kan: ó ń yán, ó ń wo ọmọ rẹ̀, ó ń gbéra. Ẹ dín yẹ́lò kù, koríko Mara kì í tàn bíi góòlù tó bí àwọn kan ṣe ń ṣe é. Kí ẹ tó dá lẹ́ńsì ẹni ẹlẹ́ni padà, ẹ fẹ́ eruku pupa kúrò ní gbogbo etí rẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò níwájú ẹni tó ni ín, kó sì buwọ́ lù ú pé òun ti gbà á.